Ọmọ tó ń sọ pé "Baba nakula": àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọdé kan ní Nairobi

Ọmọkùnrin ni. Ọdún 2 àti oṣù 3 ló wà nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn mí. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní South C, ní Nairobi, èmi lókè, àwọn nísàlẹ̀. Kiswahili ni wọ́n ń sọ nílé wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ Mombasa ni ìyá rẹ̀, inú Old Town ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Tí a bá ní ká wo orírun, ọmọ ẹ̀yà Kamba ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Nairobi ni wọ́n bí i sí, Kikamba rẹ̀ kò sì kọjá kó fi kí àgbàlagbà. Èdè abínibí ni Kiswahili jẹ́ fún ọmọ yìí. Mo ní láti sọ èyí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa nílé rò pé Kiswahili ni wọ́n fi bí gbogbo ará Kenya. Rárá o. Etíkun ni àwọn tí wọ́n fi bí pọ̀ sí, láti Lamu dé Mombasa títí wọ Zanzibar lápá Tanzania, lẹ́yìn náà àwọn ìlú ńlá tí ẹ̀yà ti dàpọ̀ mọ́ra wọn. Àwọn yòókù, èdè mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nílé.

Àwọn òbí ọmọ náà gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n má ṣáà ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá ìyá ọmọ ló wá láti Mombasa láti bá wọn wẹ ọmọ tuntun tí wọ́n bí lé e. Kò tíì pẹ́ tó dé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ẹ̀gbọ́n ọmọ tuntun kò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá ọmọ jókòó ti ugali rẹ̀, òkèlè àgbàdo wọn, ọmọ nàka sí i, ó ní, "Baba nakula." Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ le.

Ohun tó fa ẹ̀rín nìyí. Ohun tí àwa ń pè ní "ó ń jẹun", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀: "anakula". A- yẹn ni "ó", -na- ni "ń", -kula ni "jẹun". Tó bá jẹ́ "mò ń jẹun", "ninakula" ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ lójoojúmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é tán, "nakula" ni tọmọdé tàgbà ń sọ. Nítorí náà, "Bàbá, mò ń jẹun" ni etí ìyá àgbà gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọmọ ṣófo, bàbá ló ń jẹ òkèlè.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, ọmọ á ní "Pira anguka". "Mpira umeanguka" ló yẹ kó sọ, "bọ́ọ̀lù ti ṣubú". "Anguka" lásán, àṣẹ ni, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé "ṣubú!" Bàbá rẹ̀ tiẹ̀ rò fún ìgbà pípẹ́ pé ṣe ni ọmọ ń pàṣẹ fún bọ́ọ̀lù. Tó bá ti rí ológbò: "Memwona paka", dípò "Nimemwona paka", mo ti rí ológbò. Tó bá fẹ́ kí ìyá àgbà, dípò "Shikamoo" tí ọmọdé fi ń kí àgbà, "Kamoo" ló ń jáde. Èyí ló dun ìyá àgbà jù. Àwa tí a mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gé kù fún àgbà.

Wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kan. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, etí dá ṣáṣá. Ìyẹn dára, òun ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú fọ́ọ̀mù kan jáde, tí wọ́n túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń bi ìyá ọmọ: ṣé ọmọ máa ń fi nǹkan kún ìparí ọ̀rọ̀ láti fi hàn pé nǹkan pọ̀? Rárá. Ṣé ó máa ń fi nǹkan kún ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe láti fi hàn pé nǹkan ti kọjá? Rárá. Ó tọ́ kó jẹ́ rárá! Iwájú ọ̀rọ̀ ni Kiswahili ń kó irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sí. Kò sí ọmọ Swahili kankan láyé tó máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè méjèèjì yẹn. Wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọ ti pẹ́ jù. Wọ́n wá gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa Kiswahili tì, kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí i, torí Gẹ̀ẹ́sì ló máa bá nílé ìwé.

Ìmọ̀ràn yìí ló gbé ìyá ọmọ gòkè wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa èdè ni mo kà. Ó pè mí ní "dada", ìyẹn ẹ̀gbọ́n lóbìnrin, ó ní, "Dada, ṣé lóòótọ́ ni pé èdè wa ló ń dá ọmọ mi dúró?"

Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n máa wá jókòó sọ́dọ̀ wọn. Níbẹ̀rẹ̀, mi ò dán ọmọ wò, mi ò gbé àwòrán síwájú rẹ̀. Mo kàn ń jókòó sí pálọ̀, fóònù mi ń gba ohùn sílẹ̀, èmi náà ń kọ ohun tó bá sọ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò tó sọ ọ́. Kíkọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí láìsí i, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá "nakula" tó sọ, òun ni àbí bàbá rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń gé a- kù. Láàárọ̀ kan náà, ó sọ "Mama anakuja", ìyá ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré; kò pẹ́, ó sọ "Mama nakuja", a- ti lọ; nígbà tó tún ṣe díẹ̀, "Mama kuja" ló kù, -na- tó ń fi àsìkò hàn pàápàá ti bá a lọ. Irú kẹrin ni èyí tí olùwà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí àsìkò kò sí, bíi "Mama apika", ìyá ń se oúnjẹ. Èyí kò wọ́pọ̀, mi ò sì kà á sí àṣìṣe torí Kiswahili inú ìwé gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò bá ní a- nínú orí rẹ̀ kò lè sọ "anakuja" rárá. Ó ní i. Ó kàn ń mú un, ó ń fi í sílẹ̀ ni.

Ìkejì ló jẹ́ kí n fò dìde lórí àga. Ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jà lórí ọkọ̀ ìṣeré, ó ní, "Takupiga!" "Nitakupiga" ni odindi ọ̀rọ̀ náà, "màá nà ọ́". Ni- tó dúró fún "mo" ti bọ́, ṣùgbọ́n -ku- tó dúró fún "ọ" wà níbẹ̀ gbọingbọin. Lẹ́yìn tí wọ́n là wọ́n tán, ó sáré wá bá ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Nibebe!" "Gbé mi!" Ẹ wò ó dáadáa. Ni- yìí kan náà ni. Ìró kan náà, ibi kan náà níwájú ọ̀rọ̀, wọn kò sì fi agbára pè é nínú èyíkéyìí. Nígbà tó jẹ́ olùwà, ó gé e kù. Nígbà tó jẹ́ àbọ̀, ó pè é. Tó bá jẹ́ pé ahọ́n ló wúwo, tàbí pé ọ̀rọ̀ gígùn ni kò lè gbé, méjèèjì ló yẹ kó gé. Ẹ padà wo "Memwona paka": ẹni tó rí ológbò ti bọ́, -mw- tó tọ́ka sí ológbò wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí jálẹ̀ gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Kò ṣì í. "Sitaki" ni "n ò fẹ́". -I tó wà nípàrí jẹ́ ara ohun tó sọ ọ́ di "n ò", torí "nataka" ni "mo fẹ́". Tí wọ́n bá gbé uji, ẹ̀kọ mímu, fún un tí kò wù ú, igbe tó ń ké ni "Taki! Taki!" Kò sọ "taka" rí nígbà tó bá ń kọ̀ nǹkan. Si- ti lọ, -i dúró. Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn bèèrè nípa ìparí ọ̀rọ̀, ìdáhùn wà lẹ́nu ọmọ, wọn ò kàn mọ ibi tí wọ́n máa wò ni.

Ti ọ̀rọ̀-orúkọ yàtọ̀ díẹ̀, èmi ò sì ní kó wọn pọ̀. Iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ náà ni Kiswahili fi ń mọ ìsọ̀rí tó wà: "kitabu" ni ìwé kan, "vitabu" ni ìwé púpọ̀, "mtu" ni èèyàn kan, "watu" ni àwọn èèyàn. Ọmọ yìí ń pe kitabu ní "tabu", kitanda ní "tanda", mpira ní "pira". Ṣùgbọ́n ó ń pe "kiti", àga, tán, ó ń pe "mtu" tán, ó ń pe "maji" tán. Kí ló fà á? Kiswahili kò ní ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Sílébù kejì láti ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi agbára pè. Nínú "kiti", ki- gan-an ni agbára bọ́ sí. Nínú "kitabu", orí -ta- ló wà, ki- sì ṣẹ́ kù sẹ́yìn òde. Èyí tí agbára wà lórí rẹ̀ ni ọmọ ń dì mú. Nínú ọ̀rọ̀-orúkọ, etí àti ẹnu ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe, gírámà ni. Ọ̀ràn "Kamoo" náà, ti etí àti ẹnu ni, kì í ṣe àfojúdi.

Mo wá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ohun kékeré iwájú ọ̀rọ̀ yìí ń yé e nígbà tí ẹlòmíràn bá sọ wọ́n. Ológbò dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ìyá rẹ̀ sọ fún un láìnàka pé "Mlete", gbé e wá. Ológbò ló gbé, ó ń jà ràpàràpà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ulete", gbé e wá náà ni: bọ́ọ̀lù ni. M- fún ohun ẹlẹ́mìí, u- fún ìsọ̀rí tí "mpira" wà, ọ̀rọ̀ mìíràn kò sì sí nínú gbólóhùn tó lè fi mọ̀ ọ́n. Ológbò nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn sí ìdánwò náà.

Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè sọ pé ọmọ kan ṣoṣo nìyí. Àmọ́ Nairobi yìí náà ni Kamil Ud Deen ti ṣe ìwádìí tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2002. Ọmọ mẹ́rin tó ń gbọ́ Kiswahili nílé ló tẹ̀ lé, nǹkan bí ọdún 2 sí 3 ni ọjọ́ orí wọn. Irú gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo sọ lókè yìí ló bá lẹ́nu wọn: èyí tó pé, èyí tí kò ní olùwà, èyí tí kò ní àsìkò, àti èyí tí kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni àwọn tó gé kù ń dín kù. Ti àbọ̀ yàtọ̀: níbi tó bá ti yẹ kí àmì àbọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe, àwọn ọmọ náà ń fi sí i bí àgbà ṣe ń fi sí i. Nígbà tí mo gbọ́ "Takupiga" pẹ̀lú "Nibebe", ohun tí ọkàn mi lọ sí nìyẹn.

Deen tún fi nǹkan kan hàn tí ìyá àgbà kò fẹ́ gbọ́. Àwọn àgbà Nairobi pàápàá máa ń gé olùwà kù nígbà tí ẹni tí wọ́n ń sọ bá ti hàn kedere. Mo ní kí ìyá ọmọ dákẹ́, kó fetí sí ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti sọ "Takupigia" dípò "Nitakupigia", màá pè ọ́ padà. Ìyá ọmọ fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó ń ṣe òwò, kò sí ẹni tó sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yìí ń gbọ́ nínú ilé kan ṣoṣo. Tí ẹnì kan bá ń bọ̀, ìyá àgbà á ní "Yuaja", torí Kimvita, Kiswahili Mombasa, yu- ló ń lò níbi tí àwọn mìíràn ń lo a-. Ìyá ọmọ á ní "Anakuja". Bàbá lè sọ "Anakuja" lẹ́ẹ̀kan, kó tún gé e sí "Nakuja". Ibi tí àwọn àgbà mẹ́ta ti yàtọ̀ síra wọn gan-an ni ọmọ ti ń ṣe ségesège. Lójú mi, bí ẹni tó ń gbọ́ràn dáadáa ló ń ṣe.

Ní ti ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀nà jìn díẹ̀. Katherine Demuth gba ohùn àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Mokhotlong, lórí òkè Lesotho, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Sesotho ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọmọ ìyá Kiswahili nínú ẹbí èdè Bantu. Àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ ń fi iwájú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń fi fáwẹ́lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dí àyè rẹ̀, kí odindi rẹ̀ tó wá dé. Wọn kì í sábà fi ọ̀rọ̀ sínú ìsọ̀rí tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo sọ fún ìyá ọmọ pé kó máa retí fáwẹ́lì yẹn.

Ìdáhùn tí mo fún un nìyí: kí wọ́n má pa Kiswahili tì. Gẹ̀ẹ́sì inú ilé yẹn, ti tẹlifíṣọ̀n ni. Tí wọ́n bá gba èdè tí wọ́n fi ń ṣeré, tí wọ́n fi ń báni wí, tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ sùn kúrò lẹ́nu ara wọn, èyí tó ṣẹ́ kù kò ní tó bọ́ ọmọ. Kí wọ́n má sì fi oúnjẹ dù ú títí tó fi máa sọ ọ́ pé, ohun tí ìyá àgbà ti ń gbìyànjú nìyẹn. Tó bá ní "Baba nakula", kí wọ́n dáhùn pé "Ndiyo, baba anakula", bẹ́ẹ̀ ni, bàbá ń jẹun, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Mo sọ ohun tó máa mú kí n yí ọ̀rọ̀ mi padà pẹ̀lú: tí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe, tí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ bá ń pòórá, tàbí tó bá fi máa pé ọdún 3 tí kò tíì máa so ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, ọ̀dọ̀ onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọmọdé ni kí wọ́n lọ, ẹni tó gbọ́ Kiswahili. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Kenya. Ní Kilifi, lápá etíkun, àwọn olùwádìí ti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ọmọdé fún Kiswahili àti Kigiriama, èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, láti ìpìlẹ̀, ẹnu ni wọ́n sì fi ń bi àwọn òbí tí kò mọ̀wé, wọn kì í gbé fọ́ọ̀mù fún wọn.

Ìyá àgbà kò gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tòun kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò bá a jiyàn. Àgbàlagbà ni, àti pé èèyàn kì í rántí "taki" ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó mú un rọ̀ ni ológbò. Ó ní ká tún un ṣe lójú òun, òun fúnra rẹ̀ ló sọ "Mlete", nígbà tí ọmọ gbé ológbò wá síwájú rẹ̀ tí kò wo bọ́ọ̀lù rárá, ó ní, "Kumbe anasikia." Ó ń gbọ́ náà ni.

Fáwẹ́lì dé nígbà tó kù díẹ̀ kí ọmọ pé ọdún 2 àtààbọ̀: "itabu". Ó lò ó fún ìwọ̀nba ìgbà, kí ki- tó rọ́pò rẹ̀. A- ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí èèyàn lè nàka sí pé òní ló dé. Nígbà tó pé ọdún 3, "Baba anakula" ló ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà. "Takupiga" kò tíì lọ, mi ò sì rò pé ó máa lọ, Nairobi ló ń gbé.

Èyí tó kù ni ìfohùnṣọ̀kan ìsọ̀rí. Tí ìwé bá ṣubú, "Kitabu kimeanguka" ni ìyá àgbà ń retí, kí ki- tún ara rẹ̀ sọ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọmọ ń sọ "Kitabu imeanguka". Ó tún ń sọ "watu mingi" fún èèyàn púpọ̀, níbi tó yẹ kó jẹ́ "watu wengi". Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà Nairobi ń sọ ọ́, i- ni wọ́n ń lò fún gbogbo ohun tí kò ní ẹ̀mí, bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá rẹ̀ ń sọ ọ́. Ohun tó gbọ́ ló kọ́, ó sì kọ́ ọ pé.

Mo sọ èyí fún wọn, ìjà tuntun sì dé. Ìyá àgbà, tó ti padà sí Mombasa, ń pè lórí WhatsApp lálaalẹ́, ó ń bi ọmọ ní ohun tó ṣubú, ohun tó fọ́, ohun tó sọnù lóòjọ́, ó ń tẹ ki- mọ́ ọn létí. Bàbá ọmọ ní òun ò lè máa sọ̀rọ̀ bíi rédíò nínú ilé òun. Ìyá ọmọ ti pinnu pé wọ́n máa lo ìsinmi oṣù Kejìlá ní Old Town, láàárín àwọn ọmọ àdúgbò. Ní tèmi, mo ti sọ fún un pé kò pọn dandan nítorí ìlera ọmọ. Tó bá jẹ́ nítorí kí ọmọ lè sọ̀rọ̀ bíi ti ìyá àgbà ni, kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.